Ohun Tí Mo Bá Nídìí Ìkòkò Aró

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ mi ní Abẹ́òkúta, bátànì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ya Olókun, wọ́n á ṣí fóònù wọn, wọ́n á ní irú èyí ni àwọn fẹ́ máa ṣe. Èmi a sì kó wọn lọ sídìí eérú. Ojú ọ̀pọ̀ wọn máa ń fà ro, àwọn kan kì í sì í padà wá lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, n kò sì ní yí i padà, torí ohun kan tó ti dá mi lójú lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tí kò bá mọ ìdí tí àwọn tó ṣáájú fi ń ṣe nǹkan bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò lè rí ohunkóhun fi kún un. Yóò kàn máa ṣe é bó ṣe bá a ni, lọ́jọ́ tí nǹkan bá sì yí padà, ọwọ́ rẹ̀ á kú.

Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò Kẹ́mta mọ̀ wọ́n sí. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn, òun náà ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n gbé títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, ọjà àdìrẹ ti kúrò ní bó ṣe rí nígbà èwe wọn. Wọ́n máa ń sọ fún wa bí àwọn oníbàárà ṣe ń ti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, wá sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, wá kó ẹrù, tí àwọn mìíràn ń ti Sẹ̀nẹ̀gà wá. Wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á ní kí n dìde kí n lọ pọn omi wá.

Eérú aró kì í ṣe eérú ìdáná lásán. Èèpo kòkó gbígbẹ ni Ìyá fẹ́ràn jù, wọ́n á sì fi igi díẹ̀ kún un. Wọ́n á jó o, wọ́n á po eérú rẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi omi ṣù ú, wọ́n á tún kó àwọn ìṣù náà sínú ààrò, wọ́n á sì máa koná mọ́ ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá tutù, wọ́n á fọ́ ọ sínú ìkòkò tí wọ́n ti dá ihò sí nídìí, tí wọ́n gbé ka orí ìkòkò mìíràn. Wọ́n á da omi lé e lórí, omi náà á sì máa kán sí ìkòkò ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Ohun tó bá kán sílẹ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Á pupa rúsúrúsú, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Ìyá á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ahọ́n. Nígbà mìíràn wọ́n á ní, "Kò tíì le." Nígbà mìíràn wọ́n á ní, "Èyí ti le jù, ìwọ ọmọ yìí, bu omi sí i." Mo máa ń dúró tì wọ́n, mo máa ń rò ó pé báwo ni ahọ́n ṣe ń mọ èyí tó tó àti èyí tí kò tó.

Ẹlú tí aró ti ń jáde ní tirẹ̀, ewé tútù ni wọ́n ń gún lódó títí yóò fi dúdú, kí wọ́n tó ṣù ú kí wọ́n sì sá a sóòrùn. Ìṣù gbígbẹ ni Ìyá ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti oko bọ̀. Wọ́n á fọ́ ọ sínú omi eérú, wọ́n á dé ìkòkò, ó di ọjọ́ mélòó kan. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n ń ṣí i wò, tí wọ́n ń fi igi gígùn rò ó wọ́ọ́rọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ a máa le gan-an, ìfófòó á sì máa yọ lójú rẹ̀. Ìkòkò náà fúnra rẹ̀, ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, wọ́n á kó ẹ̀yìn iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin kan tún wà tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ nílé wa: ẹni tí inú ń bí kò gbọdọ̀ ro aró. Bí èmi àti àbúrò mi bá ti ń jà, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí a sún mọ́ ìkòkò lọ́jọ́ yẹn.

Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti aró rárá. Àwọ̀ ewé ni, ewé tó ti fẹ́ máa pọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń kàn án ni yóò máa yí, láti etí wọ àárín, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di aró níṣojú rẹ. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, ó ṣì ń dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n á fún aṣọ náà, wọ́n á na án sí afẹ́fẹ́, wọ́n á tún rẹ ẹ́. Bó bá ṣe wọ ìkòkò sí ni yóò ṣe dúdú sí. Tí ó bá wá gbẹ tán pátápátá, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, wọ́n á fi kùmọ̀ lù ú títí ara rẹ̀ á fi máa dán.

Kẹ́mísírì ni mo wá lọ kà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ń ṣàlàyé bí èròjà kan ṣe ń bá ọ́síjìn pàdé, tó sì ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wá fi aró ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní Adolf von Baeyer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló tú àṣírí bí aró ṣe rí nínú, ní 1883, pé ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe láìlo ewé, àti pé wọ́n fún Baeyer ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń rí ẹ̀yìnkùlé Ìyá lójú ara mi.

Ohun tí olùkọ́ náà sọ ni pé aró kì í yòrò nínú omi lásán. Bí a bá da a sínú omi báyìí kí a sì ti aṣọ bọ̀ ọ́, ojú aṣọ ni yóò lẹ̀ mọ́, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan á sì gbé e lọ. A ní láti kọ́kọ́ yí i padà níbi tí ọ́síjìn kò sí, nínú omi tó le bíi ti omi eérú, kó tó lè yòrò kó sì wọ inú òwú. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ìkòkò, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí aṣọ bá wá jáde sí afẹ́fẹ́, ọ́síjìn á tún bá a, aró á padà sí bó ṣe wà, á sì há sínú òwú.

Gbogbo òfin ilé wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú mi. Ìdí tí wọ́n fi ń dé ìkòkò: kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Ìdí tí wọ́n fi rì í mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń kó ẹ̀yìn iná tì í nígbà ọyẹ́: òtútù kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò yẹn ṣiṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń jó eérú lẹ́ẹ̀mejì àti ìdí tí wọ́n fi ń tọ́ ọ wò: bí omi eérú kò bá le tó, aró kò ní yòrò, bó bá sì le jù, á pa àwọn kòkòrò náà. Òfin ìbínú ńkọ́? Ẹni tí inú ń bí á fi agbára ro aró, á gbá afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ìkòkò náà á sì kú. Ìyá kò mọ orúkọ ọ́síjìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń ṣe, àwọn tó kọ́ wọn sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí Baeyer.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá sọ ìtàn yìí máa ń rò pé ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn baba ńlá wa ti mọ ohun gbogbo, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹ padà wo èèpo kòkó yẹn. Kòkó kò pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn èèyàn bíi J. K. Coker tó wà ní Agége bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín lọ́pọ̀. Iṣẹ́ aró sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí kòkó tó dé. Èyí ni pé obìnrin kan wà, ní ibì kan, tó rí èèpo kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ń kó dànù, tó jó o, tó fi omi rẹ̀ kan ahọ́n, tó sì rí i pé ó le ju ti igi tí ìyá òun ń lò lọ. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá mi àgbà rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí púpọ̀ nígbà tí ó yé mi, torí ó jẹ́ kí n rí i pé àwọn tí à ń pè ní àgbà nínú iṣẹ́, ẹni tó ń dán nǹkan wò ni wọ́n.

Láti ìgbà náà, ibi gbogbo tí mo bá wò nínú iṣẹ́ yìí ni mo ti ń rí wọn. Àdìrẹ oníko, tí a ń fi ìko di aṣọ, ló pẹ́ jù nínú àwọn tí mo mọ̀. Nígbà tí aṣọ funfun olójú dídán bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé lọ́pọ̀ yanturu, àwọn obìnrin rí i pé ojú aṣọ yìí tẹ́jú tó láti yàwòrán sí, ohun tí kò ṣeé ṣe lórí kíjìpá, aṣọ nínípọn tí a fi ọwọ́ hun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí à ń fi ẹ̀kọ yàwòrán sójú aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ náà, ẹ̀gẹ́ tí àwọn Potogí gbé wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n ń pò ó mọ́ álúmù, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìẹ yà á. Aṣọ òyìnbó, oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, ìyẹ́ adìẹ ẹ̀yìnkùlé, ewé ẹlú ilẹ̀ wa: àwọn ìyá wa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ti Yorùbá lónìí.

Ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn ọkùnrin ló ń gé páànù láti fi tẹ ẹ̀kọ sójú aṣọ, kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá, wọ́n fi ń rán bátànì àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tí ọwọ́ lásán ì bá fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rán. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ ni wọ́n dúró tì. Wọ́n parí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, kò sì pẹ́ tí àwọn aládìrẹ fi ya àwọn òpó rẹ̀ sínú aṣọ tí wọ́n pè ní Ìbàdàn Dùn. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti ayaba bọ́ sójú àdìrẹ, òun ni wọ́n ń pè ní Àdìrẹ Olọ́ba. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ sára aṣọ. Nítorí náà, bí ọmọ iṣẹ́ mi kan bá ya fóònù tàbí afárá sínú àdìrẹ rẹ̀, èmi kì í bá a wí, tí ó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń pín ojú aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin àti ìdí tí ìlà fi ń wà láàárín wọn.

Kò sì dán mọ́rán ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí aró oníyẹ̀fun àti sódà líle (caustic soda) dé, ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rárá lè ra yẹ̀fun, kó di aláró. Àwọn kan ń po ó bó ṣe wù wọ́n, aṣọ ń ṣá, òmíràn ń ya, oníbàárà ń sá. Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kan fara mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ kò fara mọ́ ọn, wọ́n fà á títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Èrò tèmi ni pé sódà kọ́ ló ba ọjà jẹ́. Àìmọ̀dí ni. Ẹni tó ti mọ ohun tí omi eérú ń ṣe yóò mọ ìwọ̀n sódà tí yóò lò, nítorí iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bóyá eérú lo fún un bóyá sódà, yóò ba aṣọ jẹ́ ni. Ìyá mi àgbà lo méjèèjì. Aṣọ ìgbéyàwó, inú ẹlú. Aṣọ ọjà, inú sódà. Wọn ò fi ọ̀kan bú èkejì.

Tèmi tí mo fi kún un kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti lè rí ọ̀nà.

Bébà pH, tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe le tó, èyí tó ń yí àwọ̀ padà tí a bá tì í bọ omi, ni mo kọ́kọ́ rà. Ìyá ṣì wà láyé nígbà náà. Mo ní kí wọ́n tọ́ omi eérú wò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tí wọ́n bá ti ní ó tó, èmi a ti bébà bọ̀ ọ́. Àárín 10 sí 11 ni ó máa ń bọ́ sí. Wọ́n ní "kò tíì tó", bébà náà ní kò tíì tó. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wo bébà náà títí, wọ́n ní, "Èyí dára. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò dá ṣáṣá á lè ṣe é." Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n rí ohun tí ó wúlò fún, ó sì yá mi lára púpọ̀. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń fi omi aró kan ahọ́n nílé iṣẹ́ mi. Fún omi eérú, bébà tó. Fún sódà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má dán an wò láéláé, á bó yín lẹ́nu, á sì ba ọ̀nà ọ̀fun yín jẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgbúnwọ́ ni kí ẹ wọ̀, ẹ sì máa da sódà sínú omi, ẹ má da omi sórí sódà.

Ohun kejì gba ìrònú jù. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í fẹ́ràn sódà, torí sódà máa ń rọ ẹ̀kọ, ìlà á fẹ̀, àwòrán á kún. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èyí fi ẹ̀kọ sílẹ̀, wọ́n lọ ń lo àbẹ́là yíyọ́. Èmi lọ bá màmá kan ní Ìbàdàn tó ti dàgbà púpọ̀, tí wọ́n sọ fún mi pé ẹlẹ́kọ tòótọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Màmá, ẹ̀kọ ló ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú sódà." Wọ́n ní, "Ṣé o ń jẹ́ kó gbẹ?" Mo ní mò ń jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn ìgbà tó bá jáde ni mò ń bi ọ́, ọmọ mi, kì í ṣe kó tó wọlé." Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà lóòótọ́. Láyé ẹlú, aṣọ ẹlẹ́kọ kì í pẹ́ nínú ìkòkò. Wọ́n á rẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a kí ẹ̀kọ náà tún le, kí wọ́n tó dá a padà. Ìgbà tí sódà dé tí iṣẹ́ yá ni a gbàgbé rẹ̀. Mo padà sílé, mo dín sódà kù dé ibi tí aró ṣì lè yòrò, mo jẹ́ kí omi náà tutù pátápátá, mo sì ń sá aṣọ láàárín ìrẹsí kan sí èkejì. Ìlà mú ṣáṣá. Láti ọ̀dọ̀ màmá yẹn ni ìdajì ọgbọ́n náà ti wá, ìdajì kejì láti inú kíláàsì kẹ́mísírì, èmi sì jẹ́ ẹni tó so wọ́n pọ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní láti wà níbi tí a ti lè rí i. Ìyá mi àgbà kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní àpótí kan. Gbogbo bátànì tuntun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń gé pélébé kan lára rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sínú àpótí. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, wọ́n á sì fi ọwọ́ lu àpótí náà. Àkísà yẹn ni ìwé wọn. Mo lè fi ìka wá ibi tí ìlà ti nípọn jù, kí n sì mọ̀ pé ọdún tí ọwọ́ wọn ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo lè rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo páànù fún etí aṣọ, tí wọ́n ṣì ń fi ìyẹ́ ya àárín rẹ̀.

Àwọn mìíràn náà ti ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ní 1971, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe lórí àdìrẹ jáde, wọ́n kọ orúkọ bátànì sílẹ̀ àti bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, ọwọ́ ìyá ńlá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ aṣọ, ó sì dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ṣẹ́ láìsan owó. Mo ń dárúkọ wọn torí kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí lè mọ̀ pé ilẹ̀ kò ṣófo. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ní òye, tó ń fi ọdún rẹ̀ wá ohun tí ẹlòmíràn ti rí, nígbà tó jẹ́ pé tó bá béèrè, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n á fi hàn án, kó lè fi àwọn ọdún yẹn wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Nípa aṣọ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń kó wá sí Ìtòkú tí wọ́n sì ń pè ní àdìrẹ, inú mi kì í dùn sí i, n kò sì ní fi bò. Ó ti lé ọ̀pọ̀ aláró kúrò nídìí iṣẹ́. Bátànì tí àwọn ìyá wa fi orí ara wọn rò ni àwọn ẹ̀rọ yẹn ń dà kọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ojú aṣọ nìkan ni ẹ̀rọ lè dà kọ. Ẹ yí àdìrẹ oníko tòótọ́ sódì, ẹ ó bá àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn bó ṣe wà níwájú, torí aró wọ inú òwú láti ìhà méjèèjì. Ẹ yí ti ẹ̀rọ sódì, yóò ràn bàìbàì. Àwọn oníbàárà tí mo fi èyí hàn kì í ra ti ẹ̀rọ mọ́, àwọn náà á sì máa fi han ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ tó wà níwájú mi báyìí ni ti eérú. Èèpo kòkó ti ń wọ́n ní Abẹ́òkúta, láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń ra á, owó ọkọ̀ sì ń ga sí i. Mo wá ń jó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí àwọn oní-dòdò ń dà nù ní ẹ̀bá ọ̀nà, mo ń fi bébà wọn omi rẹ̀, mo ń ṣe àkọsílẹ̀ ìwọ̀n eérú àti ìwọ̀n omi. Ó ń le, ṣùgbọ́n kò tíì dúró lójú kan. Èyí tí mo jó lẹ́ẹ̀mejì dára ju èyí tí mo jó lẹ́ẹ̀kan lọ, bí Ìyá ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Mo ti gbin ẹlú sẹ́yìn ilé iṣẹ́, ó ti ń so mọ́ ọgbà. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí ìyá ńlá tó ti ṣe aró rí, ní Ìséyìn, ní Ọ̀ṣun, ní ibikíbi, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn irú igi tí wọ́n ń jó kí kòkó tó pọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ igi náà sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe pè é. Bí ó bá wà ní ìtòsí yín, ẹ jó díẹ̀, ẹ wọn omi rẹ̀, ẹ sì kọ iye tí bébà bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.